Ẹ Ka Ẹyọ Òdòdó, Ẹ Má Fi Àwòrán Rà Á: Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Tó Ń Wá Olódòdó fún Ìgbéyàwó

Ẹkún tí a ń gbọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ló jẹ́ ká kọ ìwé pélébé yìí. Ìdílé á ní olódòdó rẹ́ àwọn jẹ. Olódòdó á ní ìdílé kò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo ti jókòó láàárín irú àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àṣìṣe kan náà ni mo sì máa ń bá níbẹ̀: àwòrán ni wọ́n fi ṣe àdéhùn, ẹnikẹ́ni kò ka ẹyọ.

A kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń gbin òdòdó, àwọn tó ní oko nínú yín mọ ìyẹn. A kò sì ní sọ̀rọ̀ àwọ̀ tó bá aṣọ mu, ojú yín yóò sọ ọ́ fún yín.

Ìdílé kan tí mo mọ̀ fi àwòrán han olódòdó lórí fóònù. Ìkòkò òdòdó ńlá ni, lórí tábìlì, róòsì kún un dẹ́nu. Olódòdó ní òun lè ṣe é. Wọ́n dúnàádúrà, wọ́n san gbogbo owó lọ́jọ́ náà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, róòsì 14 ló wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ewé ló kún ìyókù. Mo gba àwòrán náà, mo jókòó, mo kà á. Róòsì tí ojú rí níwájú nìkan jẹ́ 31. Owó tí wọ́n san kò lè ra ìdajì rẹ̀. Olódòdó yẹn kì í ṣe olè. Ibi tí owó gbé iṣẹ́ dé ló bá a dé. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó sunkún nínú gbọ̀ngàn, bírò àti ìwé kan ni ì bá sì ti gbà á lọ́wọ́ ẹkún náà.

BÍ A ṢE Ń KA ÀWÒRÁN

Ẹ fẹ àwòrán náà lójú fóònù. Ẹ ka orí òdòdó tí ojú rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìkòkò roboto tí a ń gbé sáàárín tábìlì ní ẹ̀yìn, àwòrán kò sì lè fi ẹ̀yìn hàn yín. Bí ẹ bá ka 18 níwájú, ẹ kọ 30 sí 36 sílẹ̀. Èyí tí a óò gbé ti ògiri kò nílò ẹ̀yìn: iye tí ẹ bá kà ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi márùn-ún lé e.

Ìdì òdòdó ọwọ́ ìyàwó, bó bá roboto tó sì jẹ́ róòsì nìkan, ẹyọ 20 sí 25 ni. Ti ọ̀rẹ́ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, 10 sí 15. Òdòdó àyà aṣọ ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe méjì kún un, nítorí àwọn tó ń dì mọ́ èèyàn láàárọ̀ ọjọ́ náà máa ń tẹ tiwọn fọ́. Nígbà tí ẹ bá ti ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, lórí 100 kọ̀ọ̀kan, ẹ fi 10 kún un fún èyí tó máa ṣẹ́ àti èyí tó máa rọ.

Ẹ kọ gígùn igi rẹ̀ pẹ̀lú. Róòsì tí igi rẹ̀ jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà àti èyí tó jẹ́ 60 kì í ṣe ọjà kan náà. Orí èyí tó gùn sábà máa ń tóbi jù, owó rẹ̀ sì ga jù. Ẹni tó bá kọ “róòsì funfun” nìkan sínú ìwé kò tíì kọ nǹkan kan.

Ẹ wọn tábìlì yín kí ẹ tó lọ. Òdòdó orí tábìlì kò gbọ́dọ̀ ga ju 35 sẹ̀ǹtímítà lọ, àfi bí ẹ bá gbé e sórí ọ̀pá tó ga ju 60 lọ. Ohun tó bá wà láàárín méjèèjì yóò bo ojú àwọn tó jókòó kojú ara wọn.

Àwọn olódòdó kan á ní a kì í ka òdòdó, iṣẹ́ ọnà ni. Bí ẹ bá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn, ẹ dìde. Ọnà ni lóòótọ́, owó ọnà sì tọ́ sí i. Ẹ ní kí olódòdó tí ẹ bá fẹ́ bá ṣe kọ owó òdòdó sí ìlà kan, kó kọ owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó ìkòkò sí ìlà tiwọn, kí ẹ má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó iṣẹ́ ọwọ́ yẹn bí ẹni ń ná ọjà. Ẹni tí ẹ bá já owó iṣẹ́ rẹ̀ walẹ̀, inú òdòdó ni yóò ti mú un padà.

ẸNI TÍ ẸẸ́ YÀN

Ẹ rí olódòdó mẹ́ta, ó kéré tán. Ìgbéyàwó ńlá, oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ṣáájú. Kékeré, oṣù mẹ́ta. Ẹ má ṣe pè é wá sílé yín. Ẹ lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀, lọ́jọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ wo korobá rẹ̀. Ẹ tẹ imú sí i. Omi tó ń rùn ń pa òdòdó láti ìdí. Ẹ wò ó bóyá ewé ṣì wà lára igi òdòdó nínú omi. Kò yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá ń lo fóòmù, ìyẹn ohun rírọ̀ tó ń mu omi tí a ń gún igi òdòdó sí, ẹ wo bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń rẹ ẹ́. A máa ń gbé e lé orí omi kó rì fúnra rẹ̀ ni, ó sì máa ń tó ìṣẹ́jú kan. Bó bá fi ọwọ́ tì í mọ́lẹ̀, àárín rẹ̀ á ṣì gbẹ, òdòdó tí wọ́n bá gún síbẹ̀ kò ní rí omi mu. Ẹni tí kò kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní èyí kò ní kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn.

Bó bá ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn yín, ẹ má gba àwòrán ẹyọ kan tó rẹwà. Ẹ ní kó fi ti ìgbéyàwó kan hàn yín látòkèdélẹ̀: tábìlì tó wà lẹ́yìn pátápátá, òdòdó ọwọ́ ìyàwó ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo ayẹyẹ ti parí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń hàn.

Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ìgbéyàwó mélòó ló gbà lọ́jọ́ yẹn? Ọwọ́ mélòó ni yóò bá a ṣe é? Bí òdòdó tí a fẹ́ kò bá wọ ọjà ńkọ́? Sí ìbéèrè kẹta, ìdáhùn tó tọ́ ni pé òun yóò fi òmíràn tó ní àwọ̀ kan náà, tí orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀ jù ú lọ rọ́pò, òun yóò sì kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀.

OWÓ

Ẹ san ìdajì lọ́jọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ parí iye tábìlì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ san ìyókù nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé ó ní láti ra òdòdó. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi tábìlì mẹ́wàá kún un nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ibo ni kó ti rí i?

OMI ÀTI WÁKÀTÍ

Róòsì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olódòdó ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Lílì tó ṣì di, ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún, kó lè là. Bí òdòdó bá dé, kí olódòdó tún ìdí rẹ̀ gé ní 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà, kí ojú ibi tó gé dagun, kí òdòdó náà wà nínú omi mímọ́ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bó bá sùn mọ́jú nínú omi, ó dára jù. Yàrá tútù fún róòsì àti carnation, ìwọ̀n Celsius 1 sí 4. Anthurium àti heliconia, tí wọ́n jẹ́ òdòdó ilẹ̀ olóoru, kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 12, wọ́n á dúdú. Kí èso tó ń pọ́n má ṣe sí nínú yàrá kan náà. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń sọ òdòdó di arúgbó.

Hydrangea kò fẹ́ jìnnà sómi rárá. Bí ìgbéyàwó bá jẹ́ nínú oòrùn, ẹ má fi sí ibi tí kò ti ní rí omi mu.

Kí wọ́n já orí okùn tíntín tó gbé ìyẹ̀fun wà láàárín lílì kúrò kó tó dé gbọ̀ngàn. Bí ìyẹ̀fun náà bá kan aṣọ ìyàwó, ẹ má fi omi sí i, ẹ má fọwọ́ ra á. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ fi gbé e kúrò.

Kí lily of the valley, oleander àti foxglove má ṣe kan kéèkì tàbí àwo oúnjẹ. Májèlé ni wọ́n. Mo ti rí i lórí kéèkì rí, mo sì fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́.

ẸNI TÓ FẸ́ KÍ WỌ́N LO ÒDÒDÓ OKO RẸ̀

Ohun tó dára ni, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e dé láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ sọ fún olódòdó ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹ béèrè iye ẹyọ tó lè gbà. Bó bá ní 40, kí ẹ gé 50, kí ó ṣa 40 nínú rẹ̀. Ìdájí ni kí ẹ gé e, ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí korobá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú oko.

Zinnia ni ẹ sábà máa ń gé láìtó àkókò. Ẹ di igi rẹ̀ mú ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ orí, kí ẹ mì í. Bó bá le gan-an, ẹ gé e. Bí ọrùn rẹ̀ bá ń mì, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la, kí ẹ má sì kó o sínú fíríìjì bẹ́ ẹ bá gé e tán. Gladiolus, ẹ gé e nígbà tí òdòdó kan tàbí méjì ìsàlẹ̀ bá fi àwọ̀ hàn, kí ẹ gbé e dúró lóòró. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, orí rẹ̀ á tẹ̀ sókè, kò sì ní tọ́ mọ́.

Ẹ fi ìlà kan kún ìwé àdéhùn: ẹni tí yóò kó ìkòkò padà, iye ìkòkò, àti wákàtí tí yóò wá kó o.