Sáfà méjì ń du àdírẹ́sì kan: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni íntánẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà wa ní Tankẹ, n'Ílọrin, fi ń já tó ń padà. Sáfà (server) méjì la ní, àdírẹ́sì kan ni wọ́n jọ ní, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì yẹ kó máa lò ó lẹ́ẹ̀kan; ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ keepalived ló ń jẹ́ kí ìkejì gbaṣẹ́ bí ìkíní bá kú. Mo pààrọ̀ wáyà, mo yí priority (nọ́ńbà tó ń sọ èyí tó máa ṣe ọ̀gá) padà, pàbó ló já sí.

Lóru ọjọ́ kẹta ni mo tẹ ip addr, àṣẹ tó ń fi àdírẹ́sì hàn, lórí méjèèjì: àdírẹ́sì kan náà ló wà níbẹ̀! Oníkálukú ń pe ara rẹ̀ ní MASTER (ọ̀gá). Mo fi tcpdump, ètò tó ń fi ohun tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, wo ìkejì: iṣẹ́ “mo ṣì wà láàyè” tí ìkíní ń rán sí 224.0.0.18, àdírẹ́sì tí keepalived fi ń ránṣẹ́, ń dé ẹnu ọ̀nà, firewall (ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáfà) ni ò jẹ́ kó wọlé.

Mo tẹ èyí lórí méjèèjì, kí firewall lè gba iṣẹ́ náà wọlé (112 ni nọ́ńbà VRRP, ìlànà tí keepalived fi ń ránṣẹ́):

iptables -I INPUT -p 112 -j ACCEPT

Kíá, ìkejì di BACKUP (adèlé). Ẹ rántí fi òfin náà pamọ́, kó má pòórá bí sáfà bá tún tàn. Bí tcpdump tiyín ò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ yẹ switch, ẹ̀rọ tó so àwọn sáfà pọ̀, wò.