Kí O Tó Ya Lógò, Lọ Wo Ibi Tó Máa Gbé

Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi. Lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Òṣogbo, mo máa ń jókòó tì í bó ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ lááfún sára aṣọ funfun, kó tó ki aṣọ bọ ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ obìnrin tó bá ń kọjá lójú títì á nawọ́, á ní, "Ìbàdàndùn lèyí," orúkọ ọnà àdìrẹ tó rí lára aṣọ náà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ya lógò fún àwọn oníṣòwò ìlú yìí, mi ò tíì rí ìdánwò tó ju ìyẹn lọ fún lógò: kí ẹni tó ń kọjá dá a mọ̀ lójú kan.

Bí ẹnìkan bá gbé iṣẹ́ wá, má tíì tan kọ̀ǹpútà. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àlàájà kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba pè mí lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ iṣu, odó, àwòrán Nàìjíríà àti fọ́tò òun nínú lógò. Mi ò jiyàn. Ọjọ́ kejì, mo ti wà níwájú ọjà rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà mà, Àlàájà. Níbo gan-an lẹ fẹ́ kí àmì yìí máa wà?"

"Ara àpò ni, ọmọ mi. Àti ara ọ̀rá tí mo fi ń di ti kílò kan."

"Ta ló ń bá yín kọ ara àpò?"

"Ọmọ kan ni. Á gé páálí, á gbé e lé àpò, á wá fi fóòmù kun ọ̀dà dúdú gba ojú ihò rẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n rí páálí náà. Àárín O àti A ti já bọ́, torí kò sí ohun tó dì wọ́n mú. Lára àpò, O ti di bọ́ọ̀lù dúdú. Ibẹ̀ ni lógò náà ti jáde: odó kan, ọmọ odó nínú rẹ̀, orúkọ lábẹ́, àti okùn tín-ín-rín nínú gbogbo lẹ́tà tó ní ihò, kí àárín wọn má baà já. Mo ṣàlàyé pé fọ́tò ò lè gba ojú páálí kọjá. Ó wo páálí, ó wò mí, ó ní odó náà tó.

Bó o bá wá délé, pẹ́ńsù àti bébà ló kàn. Ya ogún, ya ọgbọ̀n, má dúró ṣàríwísí. Dúdú nìkan ni kí o lò títí ìrísí rẹ̀ á fi dúró; ẹni tó fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀, àléébù ló ń bò. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ di kékeré bí èékánná, torí bó ṣe máa rí nìyẹn nínú àmì róbótó WhatsApp, tó máa ń gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dànù. Tún tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí o sọdá títì lọ wò ó.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà á ní kí o fi odò Ọ̀ṣun tàbí ẹja sí i. Mo mọ ìdí rẹ̀. Láti 2005 tí UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé, orí wa ń wú, tèmi náà. Àmọ́ bí oníbúrẹ́dì, iléeṣẹ́ omi àti ilé ìwòsàn bá jọ gbé ẹja kan náà, kí la fẹ́ fi dá wọn mọ̀?

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Mo ya lógò búlúù fún ilé ìtajà òògùn kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ó ń dán bí aró tuntun. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún kan bébà jáde lọ́dọ̀ atẹ̀wé, elésè àlùkò ni gbogbo wọn. Ẹ̀bi mi ni. Ìmọ́lẹ̀ pupa, ti ewé àti búlúù ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní RGB. Tádàwà mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, CMYK: cyan tó jẹ́ irú búlúù kan, magenta tó jẹ́ irú pupa kan, yẹ́lò àti dúdú. Mo sì ti jẹ́ kí magenta ga tó cyan. Èmi ni mo san owó títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Látìgbà náà, bí cyan bá jẹ́ 100 nínú ọgọ́rùn-ún, magenta mi kì í kọjá 70, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ ẹyọ kan fún mi kí n gbé e síta wò nínú oòrùn.

Ti ọ̀rá píọ́ wọ́tà yàtọ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwo ìtẹ̀ tirẹ̀ àti owó tirẹ̀, nítorí náà má kọjá méjì. Ìlà tín-ín-rín máa ń parẹ́ lára ọ̀rá. Fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà NAFDAC. Ti báàjì súwẹ́tà iléèwé, lẹ́tà tí gíga rẹ̀ ò bá tó mílímítà márùn-ún, òwú á dí i pa.

Èyí tó ká mi lára jù ni orúkọ Yorùbá. Kí o tó yan fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí o fẹ́ lò, tẹ ọ̀, ẹ́ àti ṣ wò nínú rẹ̀. Ọ̀ kò ní ẹyọ kan tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Lẹ́tà àti àmì ohùn ni wọ́n ń so pọ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ò sì mọ ibi tí wọ́n á gbé àmì náà lé. Fọ́ǹtì tó ń jẹ́ Noto Sans mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí fọ́ǹtì tí oníbàárà fẹ́ ò bá ní i, fi ọwọ́ ara rẹ ya àmì náà. Má yọ ọ́ kúrò. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ kì í ṣe ọkọ ìyàwó, kì í sì í ṣe ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko.

Ní ti owó, gba ìdajì kí o tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló ni ín àfi tí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn. Torí náà, kọ ìwé pé o ti gbé e fún oníbàárà ní kété tó bá san tán. Bó bá ní òun ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, sọ fún un pé orúkọ òwò nìkan nìyẹn. Ọ́fíìsì trademark (àmì òwò) ní Abuja ló ń dáàbò bo lógò: ọdún 7 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún 14 nígbàkigbà tó bá sọ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ dọ̀tun.

Tí o bá ń kó iṣẹ́ fún un, má fún un ní fáìlì JPEG nìkan, torí bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ tó pátákó ẹnu ọ̀nà, kò ní mọ́ kedere mọ́. Kó fáìlì SVG àti PDF tó ṣeé fẹ̀ láì bàjẹ́ fún un, PNG tí ẹ̀yìn àwòrán rẹ̀ ṣófo, àti CDR, fáìlì CorelDRAW, torí òun ni ètò ìyàwòrán tí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé wa ń lò. Sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán onílà nínú fáìlì, kí fọ́ǹtì má baà yí padà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Fi bébà kan kún un tí nọ́ńbà àwọ̀ àti àyè tó yẹ kó yí lógò ká wà lórí rẹ̀. Àlàájà lẹ tirẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ọmọ tó ń gé páálí máa ń wò ó kó tó gé.