Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Àròsọ: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn àròsọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ kí òǹkàwé rí kọ́. Ọ̀pọ̀ ìtàn ni ó ń kú sí ojú ìwé kìíní, nítorí pé òwe mẹ́ta ni òǹkọ̀wé fi ṣí i, tí ó sì ti sọ fún wa pé ojúkòkòrò kò dára kí a tó mọ orúkọ ẹni tí ó ń ṣe ojúkòkòrò náà. Ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wá ẹnì kan tí ó ń fẹ́ ohun kan lójú méjèèjì, kí ẹ sì wá ohun tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tètè tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkùnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojúde Ọba, tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, sì ti mú aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ sí iwájú ààfin Awùjalẹ̀. Ó fẹ́ san owó aṣọ náà, nítorí pé kò bá wọn jáde ní èṣí, ojú sì tì í. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi owó kan náà ra ẹ̀gẹ́, kí òwò gààrí rẹ̀ má baà dẹnu kọlẹ̀. Kò sí ènìyàn burúkú nínú àwọn méjèèjì, ohun tí ó sì mú kí ọ̀rọ̀ wọn ṣeé kọ nìyẹn: olúkúlùkù ní àwíjàre, owó kò sì tó ẹni méjì.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni kí a jẹ́ kí òǹkàwé fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Òǹkọ̀wé tí ó ń kánjú yóò kọ báyìí: “Inú bí Ìyá Kọ́lá gidigidi nígbà tí ó rí i pé ọkọ òun ti ná owó náà, ó sì ronú pé kò bìkítà fún òun.” Gírámà rẹ̀ kò ní àléébù, ṣùgbọ́n ìròyìn lásán ni. Ẹ wá wo èyí:

Ìyá Kọ́lá ń yan gààrí lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Kọ́lá wọlé, tòun ti ọ̀rá lábẹ́ abíyá.
“Ìyá Kọ́lá, o kú iṣẹ́ o.”
“Ẹ kú àbọ̀. Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn?”
“Aṣọ ẹgbẹ́ ni.”
Ó fi èéfọ́ igbá kó gààrí náà lọ sí apá kan agbada, ó tún dà á padà. “Ó mà rẹwà o,” ni ó wí. Kò tíì bojú wò ó. “Ẹ gbé e jìnnà sí iná.”

A kò dárúkọ ìbínú, síbẹ̀ ó kún inú ilé náà. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé obìnrin yìí ń fi “ẹ” bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ tí yóò wò ó lójú tí yóò sì sọ pé “o ò ṣe é re,” gbogbo òǹkàwé Yorùbá ni àyà rẹ̀ yóò já. Ẹ má ṣe fi irú agbára bẹ́ẹ̀ ṣòfò ní ojú ìwé kejì. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ń tẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí nǹkan kan, ẹ sọ pé ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kí ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹni tí ẹ ń kọ nípa rẹ̀ ń ṣe. Gààrí Ìjẹ̀bú kan nítorí pé ẹ̀gẹ́ tí a ti rin máa ń wà nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó jọ̀ ọ́, kí a tó yan án. Òǹkọ̀wé tí ó mọ èyí ti rí ohun tí yóò fi há àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́: bí owó bá pẹ́ dé, kò sí bí gààrí náà ṣe lè délẹ̀ kí Iléyá tó dé.

Orúkọ ibi gidi náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní ọdún 1929, Isaac Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, nítorí pé Èkó tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń bá pàdé nínú àwọn lẹ́tà náà. Nítorí náà, ẹ kọ Òkè-Ajé, ẹ má kọ “ọjà ńlá kan”. Ẹ kọ Sábó ní Ṣágámù bí ó bá jẹ́ pé obì ni wọ́n ń tà.

Ní ti ẹ̀ka èdè, èrò mi ni pé kí asọ̀tàn máa sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, kí a sì fi ẹnu Ìjẹ̀bú tàbí ti Rẹ́mọ sí ẹnu àwọn àgbà díẹ̀. Kí a fi í han ẹni tí ó ń sọ ọ́ nílé, nítorí ohùn Ìjẹ̀bú-Igbó kì í ṣe ti Ìkẹ́nnẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kan ṣàdédé ti Lọ́ńdọ̀nù dé láti wá san gbogbo gbèsè ní ìparí. Àwọn méjèèjì tí wọ́n wọ inú wàhálà ni kí wọ́n yan ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde, kí ọ̀nà náà sì ná wọn ní nǹkan.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa, kí ẹ sì kà á sókè fún ẹnì kan. Ẹ má bi í bóyá ó dára, nítorí pé ọmọlúàbí yóò sọ pé ó dára. Ẹ bi í níbi tí ó ti sú u, àti ohun tí ó rò pé Ìyá Kọ́lá yóò ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ó bá tọ́ka sí, ẹ má sì bá a jiyàn.