Bí mo ṣe wá ibi tí iná traction ọkọ̀ Àlàájà ti ń ṣe ségesège

Iná ABS (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há bí èèyàn bá tẹ bíréèkì lójijì) àti iná traction (èyí tí kì í jẹ́ kí táyà yí lásán lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀) ló jọ ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí Àlàájà kan, oníbàárà mi tó ń ta aṣọ òfì, gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Gáà-Akanbí, ní Ìlọrin. Ẹnì kan ti sọ fún wọn níbòmíràn pé brain box ABS, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, ló kú, kí wọ́n lọ wá owó ńlá. Kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin mà, ìgbà wo gan-an ló máa ń tàn?"

"Tí mo bá ń lọ tààrà, kì í tàn. Àfi tí mo bá fẹ́ yí po ní ráńdàbáòtù, tàbí tí mo bá ń wọ géètì ilé mi. Tó bá ti tàn báyẹn, ó di ìgbà tí mo bá paná ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn tó mi. Brain box tó kú kò mọ ìgbà tí èèyàn ń yí sítíárìn. Wáyà ìdí táyà iwájú ló mọ̀ ọ́n, torí òun àti táyà ni wọ́n jọ ń yí.

Síbẹ̀, mo kọ́kọ́ wọn bátìrì, nítorí iná tí kò tó máa ń mú kí brain box sọ ìsọkúsọ. Ó jẹ́ 12.5 fóòtì nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, ó lé ní 14 nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Fíúsì náà pé.

Scanner (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe inú ọkọ̀) olówó pọ́ọ́kú tí ọmọ iṣẹ́ mi ń fi fóònù wò kò rí nǹkan kan. Irú rẹ̀ kì í sábà ka ju kóòdù ẹ́ńjìnì lọ, èyí tí P ń bẹ̀rẹ̀. C ló ń bẹ̀rẹ̀ ti bíréèkì àti traction. Mo so èyí tó tóbi mọ́ ọn, ó sì gbé C0205 jáde: sákíìtì (gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà) sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìyára táyà iwájú lápá òsì. Ọmọ iṣẹ́ mi ti ń nawọ́ owó tí yóò fi lọ ra sẹ́ńsọ̀. Mo ní, "Jókòó. Sákíìtì ló wí. Sẹ́ńsọ̀ wà nínú ẹ̀, wáyà wà nínú ẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, brain box náà wà nínú ẹ̀. Èwo lo fẹ́ rà?"

Sẹ́ńsọ̀ ti ọkọ̀ yìí, mágínẹ́ẹ̀tì àti wáyà wíwé ló wà nínú rẹ̀. Bí òrùka eléyín ìdí táyà bá ń kọjá níwájú rẹ̀, yóò máa pèsè iná AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) kékeré. Brain box á máa ka eyín wọ̀nyẹn, á fi ìyára táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra. Tí táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí bá ń yí lásán lórí ẹrẹ̀, á dín agbára ẹ́ńjìnì kù tàbí kó fún táyà yẹn nìkan ní bíréèkì. ABS náà kò ní ẹlòmíràn tó ń bi ju sẹ́ńsọ̀ kan náà lọ, ìdí nìyẹn tí iná méjèèjì fi ń tàn pọ̀. (Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ń lo irú sẹ́ńsọ̀ mìíràn tó ń gba iná kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má fi ohms (ìwọ̀n ìdènà iná) wọn ìyẹn, ẹ ò ní rí òótọ́.)

Mo fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ nísàlẹ̀. Mítà ka 1.4 kilo-ohms, ti apá ọ̀tún náà sún mọ́ ọn. Mo gbé mítà sí AC, ọmọ iṣẹ́ mi fọwọ́ yí táyà, nọ́ńbà sì ń gòkè bó ṣe ń yí. Sẹ́ńsọ̀ kò jẹ̀bi. Mo dá a padà, mo yọ orí bátìrì, mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, mo sì wọn ẹsẹ̀ méjì tó jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ yẹn láti òkè. 1.4 náà ni. Mo ní kó yí sítíárìn sósì dópin: kò yí padà. Ó yí i sọ́tùn-ún, mítà wa aláwọ̀ ìyeyè bá kọ ẹyọ 1 sápá kan. Ohun tó máa ń kọ nìyẹn tí kò bá rí ọ̀nà kọjá.

Mo wá fi àtàǹpàkò tẹ wáyà náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kílíìpù tó yẹ kó dì í mú mọ́ ṣọ́ọ̀kì kò sí níbẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì kò dá a padà. Wáyà yẹn kàn ń mì láti kòtò dé kòtò ni. Rọ́bà rẹ̀ dán lójú, ṣùgbọ́n ibì kan rọ̀ bí ìfun adìyẹ lábẹ́ ìka mi. Mo là á: ọ̀kan nínú wáyà méjèèjì ti já nínú rọ́bà, orí bàbà rẹ̀ ti di aláwọ̀ ewé.

Mo gé e títí tí bàbà fi ń dán, mo fi léèdì jó wáyà tuntun mọ́ ọn, mo sì gbé ojú ìsopọ̀ kúrò níbi tó ń tẹ̀, torí ojú léèdì kì í fẹ́ títẹ̀. Mo fi rọ́bà tó ń sún kì bí iná bá rà á wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra wọn padà. Àwọn kan máa ń fo ìyẹn. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ni kì í jẹ́ kí iná plọ́ọ̀gì kó sí wọn lára.

Mo pa kóòdù rẹ́, mo wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà Gánmọ̀, mo yí i po sọ́tùn-ún àti sósì. Iná kankan kò tàn. Mo bọ́ sórí ilẹ̀ pupa tó yọ̀, mo tẹ accelerator lójijì: iná traction ṣẹ́jú díẹ̀, ó kú. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn.

Owó ló kù. Àlàájà wo wáyà gígé tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Èyí náà lo fẹ́ gba owó tó báyìí lé lórí?"

"Owó wáyà kọ́ mà, owó wíwá ẹ̀ ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ díẹ̀ kúrò, wọ́n san án. Mo yẹ apá ọ̀tún wò kí wọ́n tó lọ. Kílíìpù ibẹ̀ náà ti sọnù, wáyà kò tíì já. Mo gé páànù kékeré, mo fi rọ́bà wé e, mo fi dì í mọ́ ṣọ́ọ̀kì.