Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tó Ń Mú Ọmọ Ajá Bì Léraléra

Kí ẹ tó ronú kan oògùn kankan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ajá náà ń bì lóòótọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ajá tó fẹ́ bì máa ń da itọ́, á máa lá ètè, ikùn rẹ̀ á sì máa fún pọ̀ léraléra kí nǹkan tó jáde. Ohun tó jáde ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà, tàbí kó ní omi òróòro aláwọ̀ ìyeyè nínú.

Bó bá kàn tẹrí ba, tí oúnjẹ tí kò tíì dà jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìjẹ́ pé ikùn mira, oúnjẹ náà kò dé agbẹ̀du rárá. Ọ̀nà ọ̀fun ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní kété tí wọ́n já a lẹ́nu ọmú, tó ń jẹ oúnjẹ líle, ó lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nítòsí ọkàn ló fún ọ̀nà ọ̀fun mọ́ láti inú oyún. Iṣẹ́ abẹ ló ń tú ìyẹn. Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún dókítà ẹran. Ó ṣàlàyé ju ẹnu lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa kọ aago tó jẹun àti aago tó bì sílẹ̀. Omi ìyeyè láàárọ̀, nínú ajá tó ń ṣeré tó sì ń jẹun, sábà máa ń wá láti inú òfìfo: ẹ fún un ní oúnjẹ díẹ̀ kó tó sùn. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ṣì wà nínú èébì lẹ́yìn wákàtí 8 sí 12, agbẹ̀du kò rí ọ̀nà dà á sí ìfun. Ẹnu ọ̀nà náà lè ti fún, tàbí kí ìbọ̀sẹ̀, egungun tàbí okùn ti dí i. Ẹ wo abẹ́ ahọ́n. Bí okùn bá há síbẹ̀, ẹ má fà á, torí ó lè gé ìfun.

Aràn wọ́pọ̀ púpọ̀: láti inú ìyá àti ọmú ni ọmọ ajá ti ń kó o. Ẹ kó ìgbẹ́ tútù ọjọ́ mẹ́ta lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ti ẹ̀ẹ̀kan lè má fi nǹkan hàn. Oògùn aràn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2, a sì ń tún un lò ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí di ọ̀sẹ̀ 8.

Bí ara bá gbóná, tó kọ oúnjẹ, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ẹlẹ́jẹ̀, tí kò sì tíì gba àjẹsára tán, ẹ kà á sí parvo (àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń ran ajá), kí ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ajá yòókù títí àyẹ̀wò yóò fi sọ nǹkan míì. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lè tanni jẹ, ẹ tún un ṣe bí àmì bá ṣì wà.

Bí gbogbo èyí bá mọ́, tó ṣì ń bì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn, láti wo kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti iyọ̀ ara. Ọmọ ajá tí kò dàgbà, tí ojú rẹ̀ ń ṣú lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti mọ̀ bóyá oúnjẹ ni ara rẹ̀ kò gbà, kí ẹ sì fi ẹran kan tí kò jẹ rí bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, láìfi ìpanu kankan kún un.

Ẹ má fi ebi pa ọmọ ajá kékeré, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tètè lọ sílẹ̀. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen. Oògùn adáèébìdúró náà lè bo ìdínà mọ́lẹ̀. Bí kò bá lè mú omi dúró, bí erìgì bá funfun, tàbí ikùn wú tó ń gbìyànjú láti bì láìsí ohun tó jáde, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.