Bí a ṣe ń mọ ìṣápá tí omi rẹ̀ pupa jù, àti bí a ṣe ń sá a kí àwọ̀ rẹ̀ má ṣá

Ìṣápá tó rẹwà jù lójúde kọ́ ló máa ń fún ni ní omi sóbò tó pupa jù. Káàkiri Kàbà, Ìjùmú àti Yàgbà, ní Ìpínlẹ̀ Kogi, irú mẹ́ta la sábà máa ń rí: èyí tí igi àti awẹ́ ìdí òdòdó rẹ̀ pupa débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, èyí tí igi rẹ̀ tutù bí ewé ṣùgbọ́n tí awẹ́ rẹ̀ pupa yòò, àti funfun tí a fi ń se ọbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gúsí. Ohun tó ń mú un pupa ni wọ́n ń pè ní anthocyanin. Funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in rárá. Láàárín àwọn pupa fúnra wọn, ìyàtọ̀ pọ̀, ojú lásán kò sì lè sọ ọ́. Ẹ fi omi dán an wò kí ẹ tó pinnu èyí tí ẹ máa fi irúgbìn rẹ̀ pamọ́.

Gbígbìn kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹni tó bá lè gbin ilá lè gbin ìṣápá. Kí gbogbo irú tí ẹ fẹ́ fi wéra ṣáà wà lórí ilẹ̀ kan náà, kí ẹ sì gbìn wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ní bí oṣù kẹfà sí ìkeje. Ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú ló máa ń tanná, nítorí náà ẹni tó gbìn ín lóṣù kẹrin kò ní fi bẹ́ẹ̀ tètè rí òdòdó.

Láàárọ̀ tí òdòdó bá là, ẹ so òwú mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó máa rọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, awẹ́ ìdí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ẹ ká a ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìgbà náà, nígbà tó ṣì rọ̀, tó ń ṣẹ́ pọ́ńkán. Òwú yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, wọ́n á wá fi awẹ́ ògbólógbòó irú kan wé ọ̀dọ́ irú kejì, wọ́n á ní àwọn ti rí èyí tó dára jù.

Láti yọ èso inú rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ dá ara yín lóró. Ẹ gé páìpù kọ́tìnì tó ti ṣẹ́, ní gígùn ìka ọwọ́, kí ẹ fi fáìlì pọ́n etí rẹ̀. Ẹ tì í gba ìdí rẹ̀ wọlé, èso á bọ́ sódì kejì, awẹ́ á sì wà lódidi.

Ibi sísá ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. A ti mọ̀ pé kò síbi tí láfún ti ń tètè gbẹ bí orí àpáta, ni àwọn èèyàn bá ń gbé ìṣápá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú. Láfún kò ní pupa tí oòrùn máa jẹ. Oòrùn gangan ń pa àwọ̀ ìṣápá, ooru àpáta ń bá a pa á. Tó bá di òru, ìrì á sẹ̀ lé e, á tún rọ̀ padà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ohun tí ẹ máa kó wálé á ti di búráùn. Ẹ̀bá títì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: eruku, èéfín ọkọ̀, àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ nígbà tó bá ń tà á. Orí àjà ilé ìdáná náà kọ́, àfi tí ẹ bá fẹ́ mu èéfín.

Ẹ sá a síbòji. Ẹ kan férémù igi, kí ẹ na nẹ́ẹ̀tì wíńdò sórí rẹ̀, kí ẹ gbé e ka bíríkì mẹ́rin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Nẹ́ẹ̀tì wíńdò ni mo wí o. Ẹ má lo nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pín káàkiri nítorí ẹ̀fọn, oògùn apakòkòrò wà lára ìyẹn. Bí kò bá sí owó nẹ́ẹ̀tì, ẹní tó mọ́ á ṣe é, ẹ ṣáà máa yí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kí awẹ́ má gun ara wọn. Ọyẹ́ á ṣe ìyókù, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn èyí tó bá pọ́n kí òjò tó dá. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ nǹkan, kó má jẹ́ kó kọjá ìwọ̀n 60 Celsius.

Awẹ́ tútù tí ẹ kó jọ sínú báfù mọ́jú á gbóná, á sì bu. Èyí tó gbẹ lójú nìkan á bu nínú ìgò. Ìdí awẹ́, níbi tó nípọn, ló máa ń gbẹ kẹ́yìn: ibẹ̀ ni kí ẹ ṣẹ́. Tó bá ń fà bí awọ, kò tíì gbẹ. Kílò 10 tútù kì í sábà ju nǹkan bíi kílò 1 lọ tó bá gbẹ tán. Bí tiyín bá ju ìyẹn lọ dáadáa, ẹ dá a padà sórí nẹ́ẹ̀tì.

Ìdánwò wá kù. Ẹ wọn gíráàmù 10 irú kọ̀ọ̀kan lórí síkéèlì kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò. Síbí kò ṣeé gbára lé, torí awẹ́ ńlá àti kékeré kì í kún un bákan náà. Ẹ rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi lítà 1 fún wákàtí 2, kí ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ìwọ̀n kan náà. Kì í ṣe torí adùn: àwọ̀ ìṣápá ń tẹ̀lé bí omi ṣe kan tó. Bí kán-ún bá kàn án, á pàwọ̀ dà sí ti aró tàbí ti ewé, omi kànga mìíràn sì máa ń ṣe díẹ̀ bíi ti kán-ún.

Ẹ bu ife kọ̀ọ̀kan sínú gíláàsì, kí ẹ gbé pépà funfun sẹ́yìn wọn lójú wíńdò, lọ́sàn-án. Ẹ máa bu omi tí ẹ ti fún ọsàn sí kún èyí tó dúdú jù títí àwọn méjèèjì á fi dọ́gba. Bí ó bá gba ife 1, ìlọ́po méjì ni pupa inú rẹ̀.

Pupa yìí kọ́ ni gbogbo oògùn inú ìṣápá o. Kíkan rẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Tufts University, Amẹ́ríkà, gbé àbájáde kan jáde lórí àwọn èèyàn 65 tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń lọ sókè. Àwọn tó mu ife ìṣápá 3 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, nọ́ńbà òkè ìfúnpá wọn fi 7.2 wálẹ̀, tàwọn tó mu omi aláwọ̀ lásán fi 1.3 wálẹ̀. Kò tó ohun tí a ó torí rẹ̀ da oògùn dókítà nù, kí aláboyún sì béèrè kó tó mu ún. Ẹ má sì ṣe irú eléyìí fún gbogbo òdòdó ojúde. Periwinkle kékeré olódòdó pínǹkì yẹn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ vincristine tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ, májèlé sì ni fún ẹni tó bá sè é mu.

Igi tó bá borí, ẹ fi èso díẹ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀ kó gbẹ síbẹ̀ fún irúgbìn. Awẹ́ gbígbẹ, inú ìgò tó dé pa, inú òkùnkùn, pẹ̀lú orúkọ irú àti oṣù lára rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ á máa dínkù díẹ̀díẹ̀ náà ni. Èyí tó bá ti ju ọdún kan lọ, sóbò ìnáwó ni mo máa ń fi ṣe. Atalẹ̀ àti ṣúgà á bo àṣírí rẹ̀.