Ẹ Má Tìtorí VUS Gé Ọyàn

Ìwé yìí wà fún ìdílé tí jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ti ilé ẹyin ti mú ẹnì kan, tí wọ́n sì ti ṣe àyẹ̀wò BRCA1 àti BRCA2, jíìnì méjì tí àyípadà tó léwu nínú wọn lè fa jẹjẹrẹ wọ̀nyí.

Àṣìṣe kan náà là ń rí ṣáá: èsì dé, VUS ("variant of uncertain significance", àyípadà tí wọn ò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀) ló wà níbẹ̀, ará ilé ní "wọ́n ti rí i", wọ́n ń dáwó jọ fún iṣẹ́ abẹ. Kí ni wọ́n rí? Àyípadà kan wà nínú jíìnì, láàbù ò sì tíì mọ̀ bóyá ó ń ṣeni ní jàǹbá. Ìpele márùn-ún ni wọ́n ń lò láti 2015: ó léwu, ó jọ pé ó léwu, VUS, ó jọ pé kò léwu, kò léwu. Méjì àkọ́kọ́ nìkan ni dókítà lè tìtorí ẹ̀ dámọ̀ràn iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ VUS tí ìpele wọn yí padà, ìhà "kò léwu" ni wọ́n ń bọ́ sí.

Ẹ má sì ju ìwé èsì náà nù. Nínú obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tí wọ́n gbà sínú ìwádìí n'Íbàdàn láàárín 1998 sí 2014, 14.7% ló jogún àyípadà tó léwu ní tòótọ́. VUS tiwa pọ̀ torí pé jíìnì òyìnbó ló kún inú àkójọ tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé.

Ẹ gba odindi èsì, kì í ṣe fọ́tò ìdajì ojú ewé lórí WhatsApp. Ẹ da orúkọ jíìnì kọ, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NM_, àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú c. àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú p., àti déètì. Bí lẹ́tà C bá di G lọ́wọ́ yín, àyípadà mìíràn lẹ kọ yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìran mẹ́ta, níhà ìyá àti níhà bàbá. Ti bàbá ni wọ́n máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó ní àyípadà náà lè gbé e fún ọmọ: ọmọ kọ̀ọ̀kan, 50%. Ẹ kọ ẹ̀yà ara tí jẹjẹrẹ mú àti ọjọ́ orí tí wọ́n rí i. "Ayé ló ṣe é" kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ìtàn ìdílé yìí lẹ ó bá dókítà fi ṣètò àyẹ̀wò ọyàn, kì í ṣe VUS. Bó bá mú ìyá lẹ́ni ọdún 46, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ mammogram (fọ́tò X-ray ọyàn) lẹ́ni ọdún 36, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí ìyá. Wọn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ṣáájú 30.

Ẹ má kó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ ṣàyẹ̀wò VUS náà, àfi bí láàbù fúnra rẹ̀ bá béèrè ẹ̀jẹ̀ wọn. Owó lẹ ń dà sómi.

Ẹ padà lọ béèrè lọ́dún kan sí méjì. Láàbù máa ń yí ìpele padà, ṣùgbọ́n wọn ò ní rí yín pè bí ẹ bá ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù tí ẹ ò sọ fún ilé ìwòsàn.